Ọjọ́ kan ṣoṣo ló ṣófo fún wa ní Paris: ta ló mọ ọ̀nà Disneyland?

Aránṣọ_Wàǹdó (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Champigny, lẹ́bàá Paris, ń ṣègbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Físà ti jáde, alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni bàálù wa máa gbéra ní Kútọnu. Àwa mẹ́rin là ń lọ: èmi, màmá mi, ọmọkùnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan sọ fún ọmọ mi lórí WhatsApp pé ọgbà eré Disneyland kò jìnnà síbi tá a fẹ́ dé sí. Látìgbà náà ni ilé ò ti rójú. Lọ́jọ́ Àìkú, a ó ṣì máa palẹ̀ ìnáwó mọ́. Lọ́jọ́ Ajé, a ó máa kí mọ̀lẹ́bí kiri. Ọjọ́rú là ń padà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ló ṣófo.

Èmi ò dé irú ọgbà bẹ́ẹ̀ rí. Ọgbà tí mo mọ̀ ni Jardin des Plantes tiwa níbí, èèyàn á jókòó sábẹ́ igi, á mu nǹkan tútù, á sì wálé. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́: ṣé ọjọ́ kan tó? Ṣé kò ti pẹ́ jù láti máa ṣètò rẹ̀ nísinsìnyí? Màmá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ dán an wò kí ẹ ní kí wọ́n jókòó sílé, ẹ ó gbọ́ èsì.

ỌmọAlákétu (Noisy-le-Grand)

Ẹ kú ìnáwó o, ẹ̀gbọ́n mi. Ayọ̀ la ó fi ṣe é. Kétu ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n RER A, ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Disneyland, náà ni mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, nítorí náà ẹ bi mí dáadáa.

Ọjọ́ kan tó, tí ẹ kò bá ní í lé gbogbo ẹ̀. Ohun tí àlejò kì í mọ̀ ni pé ọgbà méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n fara ti ara wọn. Èyí àkọ́kọ́ ni Parc Disneyland, wọ́n ṣí i ní oṣù Kẹrin ọdún 1992. Inú rẹ̀ ni ààfin tí ẹ máa ń rí nínú fọ́tò wà. Èyí kejì, 2002 ni wọ́n ṣí i, orúkọ tí wọ́n fún un ni Walt Disney Studios, wọ́n sì ti kéde orúkọ tuntun fún un, Disney Adventure World. Tí ẹ bá rí orúkọ méjèèjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibì kan náà ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọgbà kan, wọ́n ń ta ti méjèèjì. Ẹ ra ti ọgbà kan, Parc Disneyland. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọjọ́ kan jẹ méjèèjì, ìrìn ni yóò fi gbogbo rẹ̀ rìn.

Kò tí ì pẹ́ jù, ṣùgbọ́n ẹ má dúró di ọjọ́ náà gan-an. Tíkẹ́ẹ̀tì olọ́jọ́ ni ẹ rà, ìyẹn èyí tí wọ́n kọ ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀ sí lára. Iye rẹ̀ máa ń yàtọ̀ láti ọjọ́ dé ọjọ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì sábà máa ń dínwó ju Sátidé lọ. Láti ọmọ ọdún 12 lọ sókè ni wọ́n ń kà sí àgbà. Àwọn ọmọ yín méjèèjì á san owó ọmọdé.

Kọ́lá_Ṣábẹ̀ẹ́ (Ṣábẹ̀ẹ́)

Ẹ jẹ́ kí n ba yín nínú jẹ́ díẹ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ Disneyland ni gbogbo èèyàn ń sáré lọ? Àwọn ará Faransé fúnra wọn ní Parc Astérix ní Plailly, níhà àríwá Paris. 1989 ni wọ́n ṣí i, ó ṣáájú Disneyland ní ọdún mẹ́ta. Ọkọ̀ eré kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Toutatis, 2023 ni wọ́n gbé e jáde: ó ga tó mítà 51, eré rẹ̀ tó kìlómítà 110 láàárín wákàtí kan. Mo wọ̀ ọ́ nígbà tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi. Tó bá ti fi yín sọ̀kò tán, ẹ ó gbàgbé orúkọ bàbá yín.

Owó ibẹ̀ náà kò tó ti Disneyland.

ỌmọAlákétu (Noisy-le-Grand)

Kọ́lá, òótọ́ lo sọ, mo fẹ́ràn ibẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n wo àwọn tó ń lọ. Ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn, ọmọ ọdún márùn-ún. Ta ni yóò wọ Toutatis nínú wọn? Lẹ́yìn ìyẹn, RER kankan kò dé ẹnu ọ̀nà Parc Astérix. Wọ́n á tún wá bọ́ọ̀sì tàbí mọ́tò. Ti Disneyland, tí ẹ bá jáde ní ibùdókọ̀ ìparí, ẹnu ọ̀nà ọgbà kò ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ ni, màá ní kẹ́ ẹ lọ sí Plailly lọ́la.

Kọ́lá_Ṣábẹ̀ẹ́ (Ṣábẹ̀ẹ́)

Ó dáa, mo gbà. Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn ìbá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Alàgbà_Pọ̀bẹ̀ (Pọ̀bẹ̀)

Ẹ̀yin ọmọ, mo kí gbogbo yín. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín, mo ń mi orí. Èèyàn mẹ́rin, tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, ní yúrò! Yúrò kan lé ní 655 fáráǹkì, kò sì yí padà. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó fi ojú ọmọdé wo nǹkan. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó wà ní Kétu àti agbègbè wa níbí, ọdún 2001 ni UNESCO ti kà á mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Àwọn òyìnbó ń wọkọ̀ òfuurufú wá wò ó. Àwa ń wọkọ̀ òfuurufú lọ wo ère eku.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ o. Ṣùgbọ́n ẹ ti bi ìyá yẹn fúnra rẹ̀ léèrè? Ẹ sì ń fẹnu gbé e kiri látàárọ̀.

Aránṣọ_Wàǹdó (Àjàṣẹ́)

Bàbá, ẹ ṣeun, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín, àní mo kúnlẹ̀. Àwọn ọmọ yìí ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, wọ́n ti sá fún Zangbeto ní àdúgbò wa títí wọ́n fi wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ojú wọn kò fọ́ sí ti ilé.

Ti owó, mo ti bá àbúrò mi sọ̀rọ̀. Òun ni yóò fi káàdì rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, èmi á rán aṣọ ìyàwó fún un láìgbowó. Ẹ mọ̀ pé kò ní í jẹ gbèsè, mo ti gé aṣọ náà.

Mo ti bi Màmá. Ìdáhùn wọn ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bèèrè nǹkan kan. Àwọn kan ní wọ́n máa ń wọn gíga ọmọ kí wọ́n tó jẹ́ kó wọ àwọn ọkọ̀ eré yẹn. Mo bá fi tépù ìránṣọ mi wọn àwọn méjèèjì lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, láìwọ bàtà. Ẹ̀gbọ́n: 1.31 m. Àbúrò: 1.04 m, ó sì ń nàgà lórí ìka ẹsẹ̀ kí n tó tẹ èjìká rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí ni wọ́n lè wọ̀?

ỌmọAlákétu (Noisy-le-Grand)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ òbí kì í ṣe. Mo ti rí ọmọ tó ké títí lẹ́yìn tí wọ́n tò lórí ìlà fún wákàtí kan, tí òṣìṣẹ́ wá gbé igi ìwọ̀n síwájú rẹ̀, tó kù fún un díẹ̀.

Big Thunder Mountain, 1.02 m. Àwọn méjèèjì lè wọ̀ ọ́, tí ẹ̀rù kò bá ba kékeré. Star Tours náà, 1.02 m. Hyperspace Mountain, 1.20 m: ẹ̀gbọ́n nìkan, inú òkùnkùn sì ni ó ti ń sáré, ẹ sọ fún un ṣáájú. Indiana Jones, 1.40 m: kò sẹ́ni tó máa wọ̀ ọ́ nínú wọn, ẹ má wulẹ̀ bá a jiyàn níbẹ̀. Àwọn mìíràn, bíi Pirates of the Caribbean, Peter Pan àti “it's a small world”, kò ní ìwọ̀n kankan. Irun tí ẹ bá di sókè kò sí nínú ìwọ̀n o, wọn a máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ẹ mọ Baby Switch dáadáa, yóò wúlò fún yín. Tí ẹ̀yin àti àbúrò yín ọkùnrin bá jọ lọ, ẹnì kan á mú ẹ̀gbọ́n wọ Hyperspace Mountain, ẹnì kejì á dúró ti kékeré. Tí ti àkọ́kọ́ bá jáde, ẹnì kejì á wọlé láì tún ìlà tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ kàn sọ fún òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu ìlà kí ẹ tó wọlé, wọ́n á ṣàlàyé bí ẹ ó ṣe ṣe é.

ÌyáRàmátù (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ò lè dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ní òun ní “owó pọ́ọ́kú” lórí WhatsApp tàbí Facebook. Ẹnì kan nínú ẹbí wa ra irú rẹ̀, àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì náà dán gbinrin, ó ní ìlà dúdú dúdú lára. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n fi ẹ̀rọ kàn án, pupa ló tàn. Ẹlòmíràn ti lò ó. Àti owó, àti ọjọ́ náà, gbogbo rẹ̀ lọ.

Ìbéèrè mi: oúnjẹ ńkọ́? Mùsùlùmí ni wa, ọmọ á sì jẹun.

ỌmọAlákétu (Noisy-le-Grand)

Ẹ ṣeun, Ìyá Ràmátù. Orí ìkànnì Disneyland Paris fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n ti rà á.

Oúnjẹ inú ọgbà wọ́n, ẹran rẹ̀ sì lè má dá yín lójú. Ẹja àti ewébẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ohun tí àwa ará ibí ń ṣe ni pé a ń gbé tiwa dání. Àpótí ìtutù ńlá àti ìkòkò kò wọlé, wọ́n ń yẹ báàgì wò lẹ́nu ọ̀nà bíi ti pápá ọkọ̀ òfuurufú, ṣùgbọ́n ìpanu ọmọ àti omi kì í dá ìjà sílẹ̀. Níta, kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà, ibi tí èèyàn lè jókòó jẹun tirẹ̀ wà, ẹ sì lè jáde ní ọ̀sán kí ẹ tún padà wọlé pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì kan náà. Àkàrà tútù pẹ̀lú búrẹ́dì, ọba ni níbẹ̀. Ẹ gbé ike omi òfo lọ́wọ́, omi ẹ̀rọ wà nínú ọgbà lọ́fẹ̀ẹ́.

ÌyáRàmátù (Àjàṣẹ́)

Àkàrà dé Disneyland! Ó ti parí.

Aránṣọ_Wàǹdó (Àjàṣẹ́)

Wàyí o, ti Màmá. Mo ní, “Màmá, ẹ fẹ́ bá wa lọ àbí ẹ ó sinmi?” Wọ́n ní kí ni wọ́n ń wò níbẹ̀. Mo ní ààfin wà, ọkọ̀ ojú omi wà, ilé iwin wà. Wọ́n ní àwọn ò lọ sílé iwin, àwọn ti sin òkú tó nílé ayé. Mo ní ẹranko abàmì kan tún wà lábẹ́ ààfin tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè. Wọ́n dìde jókòó. Wọ́n ní, “Ta ló dè é?”

Nítorí náà, Màmá ń lọ. Ẹranko yẹn ṣé òótọ́ ni, àbí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń parọ́ fún wa ni?

ỌmọAlákétu (Noisy-le-Grand)

Òótọ́ ni! Dírágónì ni, La Tanière du Dragon ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ẹ ó rí ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ ààfin, ibẹ̀ ṣú, òkúta ni ògiri ẹ̀, omi dúró nílẹ̀. Ẹranko náà nà gbalaja sínú omi yẹn, ó gùn, ẹ̀wọ̀n wà lọ́rùn rẹ̀. Tí ẹ bá dúró díẹ̀, ẹ ó rí i tí ikùn rẹ̀ ń wú tó ń rọ̀, á la ojú, á gbé orí sókè, á bú, èéfín á jáde ní ihò imú rẹ̀. Ẹ̀rọ ni, ṣùgbọ́n kékeré lè ké, ẹ dì í lọ́wọ́ mú. Kò sí ìwọ̀n, ẹsẹ̀ lẹ fi ń rìn wọ ibẹ̀, ìlà ibẹ̀ kì í sì í gùn. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ya fọ́tò níwájú ààfin ò mọ̀ pé nǹkan kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Fún Màmá: wọ́n ń yá èèyàn ní àga oníkẹ̀kẹ́ nítòsí ẹnu ọ̀nà, ẹ ó sanwó, ẹ ó sì fi owó ìdúró sílẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n á ní àwọn ò yarọ. Ẹ sọ pé báàgì lẹ fẹ́ gbé sí i. Ọkọ̀ ojú irin elééfín kan ń yí gbogbo ọgbà ká, ọkọ̀ ojú omi “it's a small world” náà ò mi èèyàn. Tí oòrùn tàbí òjò bá le ní Main Street, títì tí ẹ máa kọ́kọ́ bá tí ẹ bá wọlé, ọ̀nà àbò tó ní òrùlé wà lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, tààrà títí dé iwájú ààfin. Àlejò kì í mọ̀ ọ́n, gbogbo wọn a máa fún ara wọn pa láàárín títì.

Kọ́lá_Ṣábẹ̀ẹ́ (Ṣábẹ̀ẹ́)

Ibo ni kí wọ́n kọ́kọ́ yà sí? Nítorí tí wọ́n bá dé tí wọ́n ń wo ṣọ́ọ̀bù, ó parí.

ỌmọAlákétu (Noisy-le-Grand)

Ìbéèrè tó yẹ nìyẹn. Àwọn tó sùn sí òtẹ́ẹ̀lì Disney máa ń wọlé ṣáájú àwọn ará ìta. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá fi máa wọlé, àwọn kan ti kún ìlà Peter Pan. Ẹ má sáré lọ síbẹ̀. Tí ẹ bá ti kọjá Main Street, ẹ yà sí apá òsì, sí Frontierland, kí ẹ wọ Big Thunder Mountain. Àárín omi ni òkè yẹn wà, abẹ́ omi ni ọkọ̀ náà gbà lọ síbẹ̀ tó sì gbà padà, inú òkùnkùn. Bí ẹ bá débẹ̀ ní kùtùkùtù, ìlà á ṣì kéré. Ní ọ̀sán, ẹ ó kábàámọ̀.

Láti ibẹ̀, Pirates ní Adventureland, lẹ́yìn náà dírágónì, kí Màmá tó rẹ̀. Ẹ jáde jẹun. Ọ̀sán ni ìlà máa ń gùn jù, ẹ fi wo ìtolọ́wọ̀ọ́wọ́ àwọn òṣèré, àga sì ni kí Màmá jókòó sí. Hyperspace Mountain àti Star Tours wà ní apá ọ̀tún, ní Discoveryland, ẹ fi wọ́n sí ìrọ̀lẹ́. Áàpù Disneyland Paris ń fi iye ìṣẹ́jú ìlà kọ̀ọ̀kan hàn, àbúrò yín ni kó gbé e sórí fóònù tirẹ̀, torí dátà láti ilé á jẹ yín lówó. Wọ́n á fẹ́ ta Premier Access fún yín nínú áàpù yẹn, owó tí ẹ ń san kí ẹ lè fo ìlà ọkọ̀ kan. Tó bá pọn dandan, ẹ rà á fún ẹyọ kan péré. Ẹ má fún ọmọ ní fóònù.

Alàgbà_Pọ̀bẹ̀ (Pọ̀bẹ̀)

Mo gbọ́ pé wọ́n ń yin iná aláràbarà sójú ọ̀run níbẹ̀ lálẹ́. Ìyá yẹn á fẹ́ rí i.

ỌmọAlákétu (Noisy-le-Grand)

Bàbá, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Oṣù Keje la wà yìí, oòrùn ò tètè wọ̀ níbí, ó ń lọ sí aago mẹ́wàá alẹ́ kó tó ṣú. Iná yẹn sì di ìgbà tí ọgbà bá fẹ́ tì. Ẹni tó bá dúró dè é, ó lè di aago mọ́kànlá kó tó kúrò níbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo èrò yẹn lórí RER. Ọjọ́rú ni bàálù wọn. Tèmi ni pé kí wọ́n fi iná náà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ̀.

Aránṣọ_Wàǹdó (Àjàṣẹ́)

A ò dúró. Mo ti sọ fún ọmọkùnrin yẹn, ó bínú, ó ti gbàgbé. Ọ̀nà wá ni mo fẹ́ mọ̀, láti Champigny.

ỌmọAlákétu (Noisy-le-Grand)

Àwọn àlejò sábà máa ń ṣìnà níbí, nítorí náà ẹ kà á díẹ̀díẹ̀. RER A ní ẹ̀ka méjì níhà ìlà-oòrùn. Champigny wà lórí ẹ̀ka Boissy-Saint-Léger, Disneyland wà lórí èkejì. Ẹ ó wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Paris, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ ní Vincennes, ẹ ó wá wọ èyí tí wọ́n kọ Marne-la-Vallée Chessy sí, ibùdókọ̀ ìparí ni. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ lẹ́tà mẹ́rin níwájú: èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Q ló ń dé Chessy. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú O, Torcy ló ń dúró, N á gbé yín padà sí Champigny.

Láti 2025, iye kan náà ni wọ́n ń san fún RER kárí agbègbè Paris, àfi ti pápá ọkọ̀ òfuurufú. Yúrò 2.50 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, bí 1,640 fáráǹkì. Ọmọ tí kò tí ì pé ọdún mẹ́wàá ń san ìdajì. Ẹ fún oníkálukú ní káàdì ìwọkọ̀ Navigo Easy tirẹ̀, èèyàn méjì kò lè fi ẹyọ kan wọlé pa pọ̀. Ẹ ra ti ìpadàbọ̀ sínú rẹ̀ láàárọ̀, kẹ́ ẹ má baà tò lórí ìlà ẹ̀rọ lálẹ́.

ÌyáRàmátù (Àjàṣẹ́)

Kí Màmá má wọ bàtà ìyàwó o! Sálúbàtà tó ti mọ ẹsẹ̀ wọn ni.

Aránṣọ_Wàǹdó (Àjàṣẹ́)

Ó ti tán. Àbúrò mi ra tíkẹ́ẹ̀tì ní alẹ́ àná, ti ọgbà kan, márùn-ún, nítorí òun náà ní òun ń bọ̀. Ó ní ọdún méje lòun ti wà níbẹ̀, òun ò tí ì wọ inú ẹ̀ rí. Ìyàwó tuntun ní kò sóhun tó kan òun, òun ó sùn.

Big Thunder láàárọ̀, dírágónì kí ọ̀sán tó pọ́n, àkàrà níta, ilé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ ṣeun púpọ̀, pàápàá ìwọ ọmọ Alákétu. Tí o bá lè wá síbi ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé, fi ìwé ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀ kí n fún ọ ní àdírẹ́sì. Oúnjẹ ń bẹ.

ỌmọAlákétu (Noisy-le-Grand)

Mò ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé ata Àjàṣẹ́ dání fún mi. Nǹkan kan ṣoṣo ló kù: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n máa ń tún ojú irin RER A ṣe, wọ́n á ti apá kan pa, bọ́ọ̀sì á máa gbé èèyàn. Lálẹ́ ọjọ́ Ajé, kí àbúrò yín yẹ áàpù Île-de-France Mobilités wò kó tó sùn. Tí wọ́n bá ti ọ̀nà Vincennes pa, ẹ pè mí, màá fi mọ́tò mi gbé Màmá, kí ẹ̀yin tó kù wọ bọ́ọ̀sì.